Òmùwẹ̀ tó ń kó pàǹtí lórí òkìtì iyùn: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó pín fídíò náà

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú fídíò yìí lórí Facebook, TikTok tàbí nínú gúrúùpù WhatsApp yín: àwọn òmùwẹ̀ gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, wọ́n mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, wọ́n ń gé àwọ̀n tó ti wé mọ́ ohun kan tó dà bí igi tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ lábẹ́ omi. Àkọlé rẹ̀ á máa pariwo iye: tọ́ọ̀nù báyìí, ènìyàn báyìí, “irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láyé”. Àwọn kan á ní owó ni wọ́n fi ń wá. Àwọn mìíràn á ní òkun ti mọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe irọ́. Káàkiri ayé ni àwọn ènìyàn wà tí wọ́n ń fi ọjọ́ ìsinmi àti owó ara wọn ṣe é, láìgba kọ́bọ̀. Ohun tó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni iye tí wọ́n kọ síbẹ̀. Iye náà lè jẹ́ òótọ́ pátápátá, kí ó má sì sọ ohun tí ẹ rò pé ó ń sọ.

Kí ni òkìtì iyùn?

Iyùn pupa tí ìyàwó àti ọba ń wọ̀ sọ́rùn kọ́ là ń sọ. Òkun Mẹditaréníà ni iyùn pupa yẹn ti ń wá, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tó gbé e wá tà ní etíkun wa láyé àtijọ́. Ìbátan rẹ̀ ni èyí tó ń kọ́ òkìtì, àmọ́ ẹ̀yà mìíràn ni. Ẹranko ni, kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe ewéko. Ẹranko kéékèèké tí ara wọn rọ̀ ni, tí wọ́n ń gbé pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n sì ń mọ egungun líle sábẹ́ ara wọn bí ikán ṣe ń mọ ọ̀gán. Bí èyí bá kú, òmíràn á mọ tirẹ̀ lé e. Bí ó ṣe di òkìtì nìyẹn, tí ẹja, edé, akàn àti ìjàpá òkun fi ń rí ibi sá sí.

Ọ̀gán a máa yára ga. Iyùn kì í yára. Irú èyí tó rí roboto kì í sábà fi ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ dàgbà lọ́dún, òmíràn kò tilẹ̀ tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Èyí tó ní ẹ̀ka bí igi lè fi sẹ̀ǹtímítà 10 dàgbà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí iyùn roboto kan tó ga tó ènìyàn nínú fídíò, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá yín. Ẹnì kan sì lè fi ẹsẹ̀ rọ́bà tó wọ̀ lúwẹ̀ẹ́ gbá ẹ̀ka iyùn fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kí wá ni pàǹtí ń ṣe fún un? Àwọ̀n tó bò ó kì í jẹ́ kí oòrùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì léwu, torí ọ̀pọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ni ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ewé inú omi tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbé nínú ẹran ara rẹ̀, tí wọ́n sì ń lo ìmọ́lẹ̀ bí ewé orí ilẹ̀. Bí ìgbì bá ń fa àwọ̀n náà síwá sẹ́yìn, á máa ha ẹ̀ka rẹ̀ dànù. Ike àti ọ̀rá tún burú ní tiwọn. Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Science gbé ìwádìí kan jáde tí Joleah Lamb ṣáájú rẹ̀. Iyùn tó lé ní 124,000 ni wọ́n yẹ̀ wò lórí òkìtì 159 ní agbègbè Éṣíà àti Pàsífíìkì. Níbi tí ike kò bá ti kan iyùn, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣeé ṣe kí àìsàn mú. Níbi tí ike bá ti kàn án, ó fò sí ìdá 89. Ẹ kíyè sí i pé ìwádìí náà kò sọ pé ike nìkan ló fa gbogbo àìsàn náà o. Ohun tó sọ ni pé ibi tí ọ̀kan bá wà, èkejì kì í sábà jìnnà.

Florida, níbi tí ìtàn méjì ti pàdé

Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, àwọn òmùwẹ̀ 633 wọ omi lọ́jọ́ kan náà ní Deerfield Beach, ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti kó pàǹtí kúrò lábẹ́ afárá ìpẹja tó wà níbẹ̀ àti àyíká rẹ̀. Guinness World Records rán aṣojú wá, ó kà wọ́n, ó sì gbà pé wọ́n ti borí àwọn 614 tí ọ̀gbẹ́ni Ahmed Gabr kó jọ sí Òkun Pupa ní Íjíbítì lọ́dún 2015. Fọ́tò ọjọ́ náà ṣì ń kiri títí dòní, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí i pé òun ni “ìkópàǹtí abẹ́ omi tó tóbi jù láyé”.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ ka èyí. Iye ènìyàn ni Guinness kà. Ohun tí ìròyìn ọjọ́ náà sọ pé wọ́n kó jáde ni òjé tó tó kílò 680 ó kéré tán, ìyẹn òjé tí àwọn apẹja máa ń so mọ́ okùn ìwọ̀ kí ó lè rì. Bí ẹ bá pín in fún ènìyàn 633, kílò kan àti díẹ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mi ò sọ ọ́ láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Òjé jẹ́ májèlé, kékeré sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Àfi kí ènìyàn máa ṣà á nínú iyanrìn bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọwọ́ púpọ̀ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, kò sì fẹ́ agbára púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olùyọ̀ǹda fi wúlò níbẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, nǹkan tó yàtọ̀ pátápátá ṣẹlẹ̀ ní Ko Losin, erékùṣù kékeré kan ní Thailand. Àwọ̀n kan ṣoṣo, tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 2,750, bo iyùn mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ náà àti àwọn òmùwẹ̀ olùyọ̀ǹda ló jọ gé e kúrò. Kò sí àkọsílẹ̀ Guinness kankan níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi mí pé èwo nínú méjèèjì ló ṣe iyùn láǹfààní jù, ti Thailand ni màá mú láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìtàn kejì ní Florida ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Fort Lauderdale kò jìnnà sí Deerfield Beach, inú agbègbè Broward kan náà ni wọ́n wà. Ní ọdún 1972, àwọn ènìyàn kan níbẹ̀ ronú ohun tó dà bí ọgbọ́n ńlá: táyà ọkọ̀ àlòkù ti pọ̀ jù, ẹja sì nílò ilé. Wọ́n ní kí wọ́n di táyà pọ̀, kí wọ́n jù ú sí òkun, kí iyùn lè hù lé e lórí. Ìjọba fọwọ́ sí i. Ilé iṣẹ́ Goodyear tó ń ṣe táyà ti ètò náà lẹ́yìn, kódà wọ́n kun táyà kan ní àwọ̀ wúrà, wọ́n sì jù ú sínú omi láti inú ọkọ̀ balúù wọn. Ó lé ní 100 ọkọ̀ ojú omi àwọn aráàlú tó yọ̀ǹda ara wọn láti bá wọn kó táyà lọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ni wọ́n kó síbẹ̀, tó gba ilẹ̀ bíi hẹ́kítà 15 nínú omi tó jìn tó mítà 20. Wọ́n pè é ní Osborne Reef.

Iyọ̀ òkun jẹ irin tí wọ́n fi dè é. Okùn já. Táyà fúyẹ́ nínú omi, ìgbì sì ń yí i kiri, nítorí náà kò sí iyùn tó lè fìdí múlẹ̀ lára rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé nígbà ìjì líle, àwọn táyà tó ti tú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu òkìtì iyùn gidi tó wà nítòsí, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́. Àwọn olùyọ̀ǹda ló kó pàǹtí náà síbẹ̀, pẹ̀lú ọkàn rere. Ọ̀pọ̀ ló ń jẹ́ kí n dán an wò bóyá wọ́n á gbà á gbọ́ tí mo bá sọ ọ́ fún wọn, òótọ́ sì ni.

Ní ọdún 2001, Robin Sherman, olùkọ́ ní Nova Southeastern University, gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́. Òun àti àwọn olùyọ̀ǹda yọ táyà bíi 1,600 jáde. Iṣẹ́ takuntakun ni, àmọ́ ẹ fi 1,600 sẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 2. Láti ọdún 2007 sí 2009, àwọn òmùwẹ̀ ológun Amẹ́ríkà fi ibẹ̀ ṣe ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì yọ táyà tó ju 70,000 lọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń gba owó dé. Irú pàǹtí báyìí ti kọjá agbára ẹni tó kàn wá ṣe é lọ́jọ́ Sátidé.

Ìdí tí wọn kì í fi fà á jáde lásán

Ẹni tó bá wo fídíò lè máa bínú pé kí ló dé tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi lè so okùn mọ́ ọn kó sì wọ́ ọ lọ. Bí ọkọ̀ bá wọ́ ọ, gbogbo ẹ̀ka iyùn tó wà nínú rẹ̀ á bá a lọ. Nítorí náà, wọ́n á gé e díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tú u kúrò lára ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa wò ó bóyá akàn tàbí ẹja tó ṣì wà láàyè há sínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọ̀n á ti pẹ́ débi pé iyùn ti hù bò ó. Ẹni tó mọṣẹ́ á gé ibi tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, á sì fi èyí tó ti di ara òkìtì sílẹ̀. Bí ẹ bá rí òmùwẹ̀ tó fi nǹkan sílẹ̀ nínú fídíò, ẹ má yára sọ pé ọ̀lẹ ni.

Gbígbé ẹrù náà sókè ni ibi tó léwu jù. Wọ́n máa ń so àpò ńlá mọ́ ọn, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò náà, yóò sì gbé ẹrù dìde. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ní mítà 10 nísàlẹ̀, ohun tó ń tẹ ènìyàn jẹ́ ìlọ́po méjì ti orí omi; ní mítà 20, ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Bí àpò bá ń gòkè, ohun tó ń tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù, afẹ́fẹ́ náà sì ń wú. Lítà 1 ní mítà 10 á di lítà 2 kó tó dé ojú omi. Bó ṣe ń wú ló ń sáré sí i. Bí okùn bá wé mọ́ ọwọ́ òmùwẹ̀, àpò á gbé òun náà lọ. Bí ó bá mí afẹ́fẹ́ sínú tí kò sì mí in síta bó ṣe ń sáré gòkè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ya. Gáàsì tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ sì lè yọ jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìgò mínírà lójijì. Ènìyàn lè rọ, ó sì lè kú.

Èyí ló mú kí àwọn ètò tó dúró dáadáa máa béèrè ìwé ẹ̀rí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Dive Against Debris, tí PADI AWARE bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011. Wọ́n máa ń kọ irú pàǹtí tí wọ́n rí, iye rẹ̀, ibi tó wà àti bí omi ṣe jìn tó, kódà wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ tí wọn kò bá rí nǹkan kan. Àkọsílẹ̀ náà ni mo kà sí iṣẹ́ gan-an, ju àpò pàǹtí tí wọ́n dúró tì ya fọ́tò lọ. Torí pé bí òjé bá pọ̀ ní ibì kan, tí ọ̀rá sì pọ̀ ní ibòmíràn, ojútùú méjèèjì kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Tọ́ọ̀nù 640,000: iye tí gbogbo ayé ń pín

Bí ẹ bá ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó ti rí i níbì kan pé “tọ́ọ̀nù 640,000 irinṣẹ́ ìpẹja ló ń ṣòfò sínú òkun lọ́dọọdún”. Àwọn àjọ ńlá ti kọ ọ́. Àwọn ilé ìròyìn ńlá ti kà á. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1975, àjọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà fojú díwọ̀n pé pàǹtí tó ń wọ òkun lọ́dún kan tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 6.4. Ní ọdún 2009, ìròyìn kan tí FAO àti UNEP gbé jáde sọ pé irinṣẹ́ ìpẹja kò tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún pàǹtí òkun. Àwọn ènìyàn mú ìdá 10 lára mílíọ̀nù 6.4, ó di 640,000. Iye ọdún 1975 ni wọ́n fi ń sọ ti òní. Ní ọdún 2021, Kelsey Richardson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa rẹ̀ nínú ìwé ìwádìí kan, wọ́n sì sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lò ó mọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìṣirò tuntun jáde lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá apẹja 450 lẹ́nu wò ní orílẹ̀-èdè 7: nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún irinṣẹ́ ìpẹja ló ń ṣòfò lọ́dọọdún, títí kan ìgèrè tó lé ní mílíọ̀nù 25.

Mo nífẹ̀ẹ́ ìwádìí yìí fún ìdí kan tí ó lè má kan ẹlòmíràn. Àwọn apẹja ni wọ́n bi. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò, bí ọ̀daràn tó ju àwọ̀n sí òkun ni wọ́n ṣe ń ya apẹja, nígbà tó sì jẹ́ pé owó gidi ni àwọ̀n. Ìjì gbé e lọ, tàbí ó há sí àpáta, tàbí ọkọ̀ ńlá gé e kọjá. Apẹja ló kọ́kọ́ sunkún.

Nípa iye kílò, ẹ rántí pé àwọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òkun kún fún omi, iyanrìn àti ìkarahun. Tọ́ọ̀nù 1 lórí ọkọ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀ mọ́ tó bá gbẹ tán. Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n kó o lọ. Ní Hawaii, níbi tí ìwádìí ti fi hàn pé pàǹtí bíi tọ́ọ̀nù 52 ń kóra jọ lọ́dọọdún sí àwọn erékùṣù àríwá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, wọ́n ti ń sun ọ̀pọ̀ àwọ̀n náà láti fi pèsè iná mànàmáná. Fídíò tó bá parí sórí òkìtì pàǹtí ní etíkun kò tíì sọ ìtàn tán.

Kò sì sí iye kílò kankan tó lè tu omi lára. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NOAA kéde pé iyùn ń funfun káàkiri ayé fún ìgbà kẹrin, nítorí omi òkun tó gbóná jù. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé àwọn òmùwẹ̀ ti “gba òkìtì iyùn là” ti sọ ju ohun tí àwọn òmùwẹ̀ fúnra wọn máa ń sọ.

Bí wọ́n bá ní etíkun wa ni

Etíkun Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Ghana kò ní òkìtì iyùn ńláńlá bíi ti Florida. Odò Ọya àti àwọn odò mìíràn ń tú ẹrẹ̀ sínú òkun, omi á ṣókùnkùn, iyùn sì ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Láàárín ọdún, omi tútù tún máa ń ti ìsàlẹ̀ wá sókè ní apá Ghana àti Ivory Coast. Ní Cape Verde àti São Tomé àti Príncipe ni ẹ ti lè rí iyùn tó pọ̀ díẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi fídíò omi aró tó mọ́ gaara ránṣẹ́, tó kún fún iyùn aláràbarà, tó sì ní àwọn ọ̀dọ́ Èkó ló ń tún un ṣe lẹ́yìn Lẹ́kí, tó tún fi nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ síbẹ̀, ẹ di owó yín mú.

Ẹ ya àwòrán inú fídíò náà, kí ẹ fi Google Lens wá a. Ó sábà máa ń gbé ibi tí fídíò ti kọ́kọ́ jáde wá. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn fídíò ìjàpá òkun tàbí ẹja àbùùbùtán tí wọ́n ń ha ìkarahun kúrò lára rẹ̀, tí ó wá ń dì mọ́ ènìyàn bí ọmọ ọwọ́: ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn AI, ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ wo ìka ọwọ́ òmùwẹ̀, ẹ wo ibi tí ìfófòó afẹ́fẹ́ ti ń jáde.

Ẹ sì wo ẹja. Ẹja olómi ọsàn tó ní ilà funfun, irú èyí tí wọ́n fi ṣe Nemo nínú fíìmù ọmọdé, Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì nìkan ló ń gbé. Bí ẹ bá rí i tó ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́yìn òmùwẹ̀ náà, a jẹ́ pé kì í ṣe Florida, kì í ṣe Cape Verde, kì í sì í ṣe etíkun wa níbí.